Epo Pupa fún Kẹ̀kẹ́ Tuntun

Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé Wales. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn bàálù, kó lọ bi ẹni tó wà á. Ọjọ́ kẹrin tí mo débẹ̀ ni ìtàn tèmi bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sídìí fèrèsé yàrá tí mo háyà, òjò ń rọ̀, mo sì rí ọkùnrin mẹ́fà, àgbà tó ti hewú, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè.

Mo kọ́kọ́ rò pé oko ni wọ́n ń lọ. Mo wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wọn: kò sí àdá, kò sí agbọ̀n, kò sí àpò kòkó. Mo ní bóyá ẹni wọn kan ló kú sókè lọ́hùn-ún, àmọ́ aṣọ ara wọn ò jọ ti ọ̀fọ̀. Ṣòkòtò péńpé tó lẹ̀ mọ́ itan bí èèpo ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀wà ni wọ́n wọ̀, akoto tó ń dán sì wà lórí wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ẹrẹ̀ bò wọ́n láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ọwọ́ òfìfo ni wọ́n gbé lọ, ọwọ́ òfìfo ni wọ́n gbé bọ̀.

Òkè-Ìmẹ̀sí ni wọ́n ti bí mi. Òkè ló yí wa ká níbẹ̀. Bí o bá jí tí o yọjú síta, òkè ni yóò kọ́kọ́ kí ọ káàárọ̀ kí àwọn ará ilé rẹ tó jí. Mo mọ ohun tí òkè wà fún. Oko wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá gùn ún, iṣu ló fẹ́ wà tàbí kòkó ló fẹ́ ká, bí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ń sá fún ìyàwó rẹ̀ ni. Pé èèyàn á wọ ṣòkòtò tí wọ́n fi fóòmù sí nídìí, á gun òkè nínú òjò, á débẹ̀ á jẹ búrẹ́dì, á sì tún sọ̀ kalẹ̀, kò sí nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, bẹ́ẹ̀ tíṣà ni mí.

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi lórí fóònù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí fóònù ṣe rí nígbà yẹn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà, Èkìtì ò tíì gba tirẹ̀, kò sì sí fóònù tí bàbá mi lè gbé létí nílùú wa. Lẹ́tà la fi ń dá ọjọ́. Bí ọjọ́ bá pé, bàbá mi á wọ mọ́tò láàárọ̀, á gba Aràmọ̀kọ kọjá lọ sí Adó, á tò sórí ìlà ní ọ́fíìsì tẹlifóònù títí n óò fi pè. Orí káúńtà gbangba ni fóònù náà wà. Ohunkóhun tí bàbá mi bá sọ, gbogbo ìlà ló gbọ́ ọ, àwọn ará ìlà sì máa ń dá sí i bí ẹni pé ẹbí ni wá.

"Kí ni wọ́n ń lọ mú lókè?" bàbá mi bi mí, ó ń pariwo bí ẹni tó ń pe ará oko kejì.

"Wọn ò mú nǹkan kan, Bàbá."

"Wọ́n á sì tún lọ lọ́la?"

"Bí òjò bá rọ̀, inú wọn á tún dùn sí i ni."

Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ní kó bi mí bóyá ara wọn yá. Bàbá mi ò bi mí. Ó ní, "Tíṣà, má bá wọn lọ o." Bàbá mi nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ ẹni bú ẹni. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Ìjerò ló ti ń pè mí ní Tíṣà, bí ẹni ń dárúkọ àìsàn.

Ó ní kí n má bá wọn lọ. Mo bá wọn lọ.

*

Ilé ìtajà kẹ̀kẹ́ kan wà nísàlẹ̀ òkè náà. Gwen ni orúkọ obìnrin tó ni ín. Opó ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, apá rẹ̀ sì le ju tèmi lọ. Ó ń ta kẹ̀kẹ́ olókè, ó sì ń fi í háyà fún àwọn àlejò tó ń ti ìlú ńlá wá ní òpin ọ̀sẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ ní kẹ̀kẹ́ olókè. Fún ẹ̀yin tí ẹ mọ kẹ̀kẹ́ ológeere nìkan, bó ṣe rí rèé: táyà rẹ̀ sanra, ó ní eyín bí ẹnu ọ̀nì. Ọwọ́ rẹ̀ nà gbọọrọ bí ìwo màlúù. Kò ní ibi ẹrù, kò ní aago. Jíà rẹ̀ sì jẹ́ méjìdínlógún. Nígbà tí mo sọ ti jíà yìí fún bàbá mi, ó ní lọ́rì tó ń kó kòkó lọ sí Ìbàdàn, mẹ́rin péré ni tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n.

Fífọ ni iṣẹ́ tí Gwen gbà mí sí. Bí àwọn àlejò bá ti ń dá kẹ̀kẹ́ padà, n óò dúró lẹ́yìn ilé pẹ̀lú rọ́bà omi, n óò máa fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ṣéènì àti jíà. Omi náà tutù débi pé ó ń wọ inú èékánná. Kò sẹ́ni tó ń kí mi kú iṣẹ́, nítorí wọn ò ní irú ìkíni bẹ́ẹ̀, ni mo bá ń kí ara mi. Mo máa ń ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà," n óò sì dáhùn pé, "Òo, a dúpẹ́."

Mo ń pè é ní Mà. Ó ní rárá, Gwen ni kí n máa pè é. Ẹ̀yin náà, ẹ gbìyànjú kí ẹ fi orúkọ gbẹrẹfu pe obìnrin tó ju ìyá yín lọ. Ahọ́n mi kọ̀. A fẹnu kò sórí Àǹtí Gwen. Ó rò pé oyè ni, n kò sì já a nírọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló kọ́ mi pé bí èèyàn bá pe ará Wales ní ará Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni pe ará Òkè-Ìmẹ̀sí ní ará Ìmẹ̀sí-Ilé ni. Èyí yé mi lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé, wọ́n sì ní èyí tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé-ìwé, bí àwa náà ṣe ń pe ilé ní ulé títí tíṣà yóò fi yọ ẹgba.

Dai ni ẹnì kejì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹgbẹ́ mi ni. Òun ló ń to kẹ̀kẹ́ tuntun pọ̀ bí wọ́n bá yọ ọ́ nínú páálí, òun ló sì ń ṣíwájú àwọn àlejò lórí òkè. Ẹnu rẹ̀ ò gbélé. Ó bi mí nígbà kan bóyá a ní òkè nílẹ̀ wa. Mo ní a ní i, ó pọ̀ débi pé a kì í gùn ún ṣeré.

Ẹ má rò pé inú mi ò dùn rárá. Ohun tó ń ṣe mí, n kò mọ orúkọ tí n óò pè é. Ẹsẹ̀ mi ni kò balẹ̀. Mo kó yàrá lẹ́ẹ̀mẹta láàrin oṣù mẹ́jọ. Bí mo bá wà nínú ilé, mo fẹ́ jáde. Bí mo bá jáde, ilé ń wù mí. Bí Sọ́ńdè bá di ìrọ̀lẹ́, n óò rìn dé ibi tí ìlú parí sí, n óò dúró wo àwọn àgùntàn, àwọn àgùntàn náà á dúró wò mí, a ó sì pínyà láìkí ara wa. N óò ní ilé ló ń pè mí. Bẹ́ẹ̀, bí mo bá rántí ilé dáadáa, ara mi ni mo máa ń rí ní kíláàsì ní Ìjerò, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, tí mo kẹ̀yìn sí pátákó, tí mò ń wo ìta lójú fèrèsé. Ẹni tí ara rẹ̀ ò balẹ̀ nílé, ṣé ìdálẹ̀ ni ara rẹ̀ yóò ti balẹ̀?

*

Nígbà tí òtútù fẹ́ parí, Gwen pè mí wọlé. Ó ní àwọn àlejò ti ń pọ̀, Dai nìkan ò lè ṣíwájú wọn mọ́. Ọ̀nà kan wà lórí òkè náà tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wálẹ̀ láàrin àpáta. Orúkọ tí wọ́n ń pè é, n kò lè pè é láìtutọ́ síni lára, ni mo bá sọ ọ́ ní Ọ̀fun, torí ó ń gbé èèyàn mì. Gwen ní bí mo bá lè tẹ̀ lé Dai gba Ọ̀fun wálẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí mo bá òun ní géètì ìsàlẹ̀ láìṣubú, lọ́jọ́ Sọ́ńdè n óò máa ṣíwájú àlejò. Bí mo bá ṣubú, kí n padà sídìí rọ́bà omi títí òtútù mìíràn yóò fi dé, tí yóò sì lọ.

Mo ti sọ ọ́ lọ́kàn mi pé n kò ní di rọ́bà omi yẹn mú nínú òtútù kejì. Bí mo bá ṣubú, n óò di ẹrù mi, n óò lọ wá ibòmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, bí mo ṣe ti ń wá ibòmíràn láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú. Ọ̀fun ni yóò sọ bóyá n óò dúró.

Gwen gbé kẹ̀kẹ́ kan lé mi lọ́wọ́, aláwọ̀ búlúù, tí Dai ṣẹ̀ṣẹ̀ tò tán lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó ṣì ń rùn bí páálí. Ó ní tèmi ni níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì wà níbẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ tuntun. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, bàbá mi ra kẹ̀kẹ́ tuntun ní Ìjerò, kò sì gùn ún. Ó fi ọwọ́ tì í láti Ìjerò dé Òkè-Ìmẹ̀sí, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ní àgòkè, nínú oòrùn. Gbogbo ẹni tó pàdé rẹ̀ ń bi í bóyá ó ti bàjẹ́. Ó ń dá wọn lóhùn pé kò bàjẹ́, kò tíì jẹun ni. Ògún ni bàbá mi ń bọ. Irin tuntun kò gbọdọ̀ gbé e kí ó tó fún un lóúnjẹ. Ìyá mi, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní tirẹ̀, ní bí ebi bá ń pa irin, kí la ó wá ṣe fún ẹni tó fi ẹsẹ̀ tì í délé. Lọ́jọ́ kejì, nídìí pèrègún tó wà lẹ́yìn ilé, bàbá mi gbé kẹ̀kẹ́ náà dúró, ó pa obì, ó bu epo fún un, ó gbé iṣu sísun sílẹ̀, ó sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ́. Mo wà níbẹ̀. Àwa ọmọdé la máa ń jẹ iṣu náà bó bá yá.

Lọ́jọ́ tí mò ń kúrò nílé, gbogbo èèyàn ló gbàdúrà fún mi ní gáréèjì. Bàbá mi kàn ní, "Irin yòówù tí o bá gùn lọ́hùn-ún, jẹ́ kó jẹun kí o tó gùn ún." Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í bóyá bàálù náà ti jẹun. Ó ní ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wà á.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ọjọ́ tí a dá láti sọ̀rọ̀ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹnu mi ò gba ìròyìn dúró, mo sọ fún un pé wọ́n ti fún mi ní kẹ̀kẹ́ tuntun.

"Ṣé ó ti jẹun?"

Mo mọ̀ pé gbogbo ìlà Adó ló ń retí mi. "Ó ti jẹun, Bàbá."

"Kí lo fún un?"

"Epo. Àti iṣu."

"O rí uṣu níbẹ̀?"

"Mo rí i."

Bàbá kan nínú ìlà ní ọmọ gidi nìyẹn, pé àwọn tirẹ̀ tó wà ní Èkó ò jẹ́ fún kọ́kọ́rọ́ lásán lóúnjẹ. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú irọ́ tí mo pa. Ní kọ́ọ̀tù ilẹ̀ wa, onígbàgbọ́ á fi Bíbélì búra, Mùsùlùmí á fi Kùránì, ẹni tó ń bọ Ògún á fẹnu kan irin. Mo ti rí ẹni tó di Bíbélì mú tó parọ́ gbuu, tó sì jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà. N kò tíì rí ẹni tó fẹnu kan irin tó parọ́, tó sì fara balẹ̀ wọ mọ́tò lọ sílé. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí bí ìyá mi, mo sì kàwé. N kò gbà á gbọ́. Mo rò pé n kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n jálẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ìgbàkigbà tí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ búlúù náà, ńṣe ló dà bí ẹni tó gbọ́ ohun tí mo sọ.

*

Láàárọ̀ Sátidé, kí Gwen tó ṣí ilẹ̀kùn, mo ti wà lẹ́yìn ilé. Ìyá mi ti di ìgò epo pupa kékeré kan sáàrin aṣọ mi. Mo ń ṣọ́ ọ lò ni: ṣíbí kan lórí ìrẹsì, bí ọkàn mi bá dàrú gan-an. Òtútù ti mú kó dì. Mo fi ìgò náà sí abíyá títí ó fi yọ́. N kò rí iṣu, mo sun pòtétò. N kò rí obì, mo gé ápù sí méjì, mo sì tọrọ àforíjì. N kò mọ ọ̀rọ̀ tí bàbá mi máa ń sọ.

Mo ní, "Ògún, ọmọ oníkẹ̀kẹ́ tó fi ọwọ́ tì í láti Ìjerò ni mí. Mo parọ́. Oúnjẹ rẹ rèé. Má jẹ́ kí n ṣubú."

Ibo ni kí n wá da epo sí? Mo rò ó bí ẹni tó kàwé. Kí ni kẹ̀kẹ́ fi ń ṣiṣẹ́? Ẹsẹ̀ ni. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ló yẹ kó jẹun. Mo da epo sára ríìmù iwájú, mo ń yí i, epo tàn yí i ká, ó pọ́n, ó ń dán. Mo ṣe ti ẹ̀yìn náà. N kò ṣahun. Ara mi fúyẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Mo jẹ pòtétò náà.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Bíréèkì kẹ̀kẹ́ náà, rọ́bà kékeré méjì ni tó máa ń há ríìmù mọ́ àárín. Mo ti fi epo pa ríìmù.

Èèyàn kì í nílò bíréèkì bó bá ń gòkè, nítorí náà n kò mọ nǹkan kan títí a fi dé orí òkè. Dai ní kí n tẹ̀ lé òun, kí n má sáré, kí n má sì kọjá òun. A wọ inú Ọ̀fun. Níbi àtẹ̀gùn àpáta kejì, mo fún bíréèkì. Rọ́bà pa ríìmù lórí bí ìyá ṣe ń fọwọ́ pa ọmọ lórí, ó sì jẹ́ kó máa lọ. Mo fún un tagbáratagbára. Ó tún pa á lórí. Mo kọjá lára Dai. Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ó pariwo ayọ̀ tẹ̀ lé mi. Àwọn àgùntàn là fún mi. Mo pe Jésù, mo pe Ògún, mo pe ìyá mi, n kò sì mọ ẹni tó dáhùn nínú wọn tí kẹ̀kẹ́ náà fi dúró ṣánṣán títí mo fi rí géètì. Gwen dúró níbẹ̀. Mo kọjá lára rẹ̀ bí òkò. Ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kí n kọjá lára àgbà láìkí i. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Mà."

Odò kékeré kan wà lẹ́yìn géètì náà, òkúta sì wà létí rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ dúró síbi òkúta. Èmi ò dúró.

Nígbà tí wọ́n gbé mi jáde, ọrùn ọwọ́ òsì mi ti kán, ríìmù iwájú sì ti wọ́ bí etí ajá. Dai ń fò sókè pé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, kò sẹ́ni tó tíì gba Ọ̀fun wálẹ̀ yá tó bẹ́ẹ̀. Gwen ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ bíréèkì, ó rí i pé kò mú. Ó wo Dai. Ó ní, "Ìwọ lo tò ó."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Dai. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó. Mo rí ọ̀nà kan níwájú mi, ó tẹ́jú, ó rọrùn ju Ọ̀fun lọ: kí n ṣáà ti dákẹ́. Bí mo bá dákẹ́, Dai ló jẹ̀bi, wọn ò sì ní ka ìṣubú náà sí mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n irọ́ kan ló ti gbé mi dé inú odò yìí, aṣọ mi ò sì tíì gbẹ.

Mo ní, "Epo ni, Àǹtí Gwen. Èmi ni mo dà á sí i."

Ó fi ìka kan ríìmù, ó gbóòórùn rẹ̀. "Nítorí kí ni?"

"Mo fẹ́ kó jẹun ni."

Mo jókòó sétí odò, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, àti ti Ìjerò, àti ti fóònù. Dai dìde kúrò nínú ẹrẹ̀, ó ń nu orúnkún rẹ̀. Gwen gbọ́ mi dópin. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà lé èjìká, ó ní mo ti ṣubú, àdéhùn sì ni àdéhùn, ọwọ́ kan ṣoṣo sì tó láti fi di rọ́bà omi mú.

*

Mo di ẹrù mi. Kò pọ̀, kò gbà ju wákàtí kan lọ pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ọjọ́ fóònù kù díẹ̀, mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún bàbá mi kí n tó lọ. Mo jẹ́wọ́ fún un pé mo parọ́ nígbà tó bi mí, pé ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó fún kẹ̀kẹ́ náà lóúnjẹ, àti ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀.

"Níbo lo da epo sí?"

"Sára ríìmù."

"Kí ni wọ́n ń pè ní ríìmù?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀, Bàbá."

Mo gbọ́ ẹ̀rín kan, láti ìsàlẹ̀ ikùn, irú èyí tí n kò gbọ́ lẹ́nu bàbá mi rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó yí sí ìlà, ó sọ fún wọn pé, "Ó fún kẹ̀kẹ́ lóúnjẹ lẹ́sẹ̀." Ìlà Adó gbiná. Obìnrin kan ní kí wọ́n bi mí bóyá bàtà ni mo ń fún ní ọbẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ fóònù ń rẹ́rìn-ín débi pé ó gbàgbé láti já wa nígbà tí àkókò pé.

"Ṣé ìwọ ń fi ẹsẹ̀ jẹun, Tíṣà? Ọrùn ni. Ibi tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti wọ inú irin. Ìka kan péré. O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tèmi."

"Mo wà níbẹ̀."

"Uṣu lò ń wò."

"Uṣu ni mò ń wò, Bàbá."

"Mo mọ̀ pé irọ́ lò ń pa lọ́jọ́ yẹn. Níbo lo ti fẹ́ rí uṣu?"

Mo ní ó ti parí, mò ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó bi mí níbo ni kẹ̀kẹ́ náà wà. Mo ní ó wà nílẹ̀, ó ti wọ́. Ẹ̀rín kúrò lóhùn rẹ̀. Ó ní, "O bọ́ ọ lódì, o ṣe é léṣe, o tún fẹ́ sá fi í sílẹ̀. Tún un ṣe kí o tó lọ."

Bàbá mi ti lọ báyìí. Èkìtì ti di ìpínlẹ̀, fóònù wà lápò gbogbo èèyàn, kò sì sí ìlà kankan mọ́ tí yóò dá sí ọ̀rọ̀ mi. Bí fóònù bá dún lónìí, èmi nìkan ni mo ń gbọ́ ọ, mo sì máa ń rò pé a pàdánù nǹkan níbẹ̀.

Mo tú ẹrù mi sílẹ̀ nítorí kẹ̀kẹ́. Bí mo bá fọ ti àwọn àlejò tán, Dai á jókòó tì mí, á máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń na ríìmù: èèyàn á yí irin tín-ín-rín inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, á yí ẹsẹ̀ náà wò, á tún yí i. Kò ṣe é kánjú ṣe. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí mo jókòó tì tí n kò wo fèrèsé. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọwọ́ mi san, ríìmù náà san.

N kò bẹ Gwen. Dai ló bẹ̀ ẹ́, tàbí kí n ní ó bá a jà. Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilé, ó ní, "Ọkùnrin tó gba Ọ̀fun wálẹ̀ láìsí bíréèkì, ṣé kò yẹ ká wo bí yóò ṣe ṣe é pẹ̀lú bíréèkì?" Lọ́jọ́ kejì Gwen ní kí n múra sílẹ̀ fún Sọ́ńdè, àlejò méje ń bọ̀, èmi ni n óò ṣíwájú, òun yóò wà lẹ́yìn. Bí mo bá ṣubú lójú àwọn àlejò, òun náà ni yóò bá mi gbé ẹrù mi dé ibi ọkọ̀ ojú irin.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, n kò sá pamọ́. Mo gbé kẹ̀kẹ́ náà síwájú ilé, mo yọ́ epo, mo ti ìka kan bọ ìgò, mo fi kan ọrùn rẹ̀, níbi tí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti wọ inú irin. Mo sọ èyí tí mo mọ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, Gwen dúró lẹ́nu ọ̀nà, akoto lórí. Ó kàn ti kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wá, ó sì yí ọrùn rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

Dai ti tirẹ̀ wá. Àwọn àlejò bèèrè kí ni a ń ṣe, Dai ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Áfíríkà nìyẹn. Mo ní kì í ṣe Áfíríkà, Òkè-Ìmẹ̀sí ni. Ni àwọn náà bá tò sórí ìlà, méjèèje, wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè, wọ́n ń dá sí ọ̀rọ̀ ara wọn, àfi bí ìlà Adó. Nígbà tí mo dé ti ẹni ìkẹyìn, mo ní láti fi ìka ha ìsàlẹ̀ ìgò. Epo tí mo ti ń ṣọ́ lò ṣíbíṣíbí tán lára kẹ̀kẹ́ àwọn tí n kò mọ̀ rí, kò sì dùn mí tó bí mo ṣe rò.

A gòkè. Lókè, gbogbo wọn jẹ búrẹ́dì, èmi náà jẹ. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Mo wo àwọn òkè tó tò títí lọ. Wọ́n jọ tiwa, wọn kì í ṣe tiwa, ẹsẹ̀ mi sì ti ń yún mi, n kò mọ̀ bóyá síwájú ni tàbí sílé. Mo ti wá mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ lé mi, kí wọ́n má sáré, kí wọ́n má sì kọjá mi. Mo wọ inú Ọ̀fun, èèyàn mẹ́sàn-án lẹ́yìn mi. Níbi àtẹ̀gùn àpáta kejì, mo fún bíréèkì.

Ó mú.